Àléébù Kọ̀ǹpútà àti Àríyànjiyàn Èdè láàrin Àwọn Olùlo Linux

Ìfáárà

Ìwà méjì ni a tètè máa ń ṣàkíyèsí lára àwọn tí ó ń lo Linux. Èkíní ni pé bí kọ̀ǹpútà wọn bá ṣe iṣẹ́ kan lódì, kì í tẹ́ wọn lọ́rùn láti pa á kí wọ́n sì tún un tàn. Wọ́n á fẹ́ mọ ohun tí ó fà á. Èkejì ni pé wọ́n fẹ́ràn àríyànjiyàn lórí èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan á ní kò sí èdè tí ó tó C. Ẹlòmíràn á ní ìgbà C ti kọjá, pé Rust ni ó yẹ kí gbogbo ayé máa lò. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ wọn láti òkèèrè lè rò pé ìwà méjèèjì kò bá ara wọn tan.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé wọ́n bá ara wọn tan gan-an. Bí a bá tú àríyànjiyàn lórí èdè kọ̀ǹpútà palẹ̀, ọ̀rọ̀ àléébù ni a ó bá ní ìdí rẹ̀: irú àléébù wo ni èdè kan ń gbà láyè láti wọlé, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ, ta ni yóò sì jìyà rẹ̀ bí wọn kò bá tètè rí i? Ọ̀rọ̀ náà kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tààrà, nítorí pé lẹ́tà tí ó ní àmì lábẹ́ àti àmì ohùn lórí wà lára ohun tí ó máa ń tú àṣírí àléébù ètò kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ẹ̀kọ́", ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Linux àti àwọn tí ó ni ín

Lórí kọ̀ǹpútà ni ètò ìpìlẹ̀ kan wà tí ó ń ṣe alábòójútó ohun gbogbo. Òun ni ó ń pín mẹ́mọ́rì fún àwọn ètò yòókù, òun ni ó ń gba ohun tí a tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, òun náà ni ó sì ń tọ́jú fáìlì. Ètò ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní operating system. Windows jẹ́ ọ̀kan, macOS jẹ́ òmíràn. Kóòdù Windows, ìyẹn àwọn ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ fi ọwọ́ kọ kí kọ̀ǹpútà tó lè ṣiṣẹ́, kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn lè ṣí wò. Ní ti Linux, gbangba ni kóòdù náà wà: ẹnikẹ́ni lè kà á, ó lè yí i padà, ó sì lè pín in fún ẹlòmíràn.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, Richard Stallman kéde ní Amẹ́ríkà pé òun yóò kọ ètò ìpìlẹ̀ kan tí olúkúlùkù yóò ní òmìnira láti lò àti láti tún ṣe. GNU ni ó pè é. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, kéde pé òun ń kọ ètò ìpìlẹ̀ kan fún ìgbádùn ara òun. Iṣẹ́ rẹ̀ yìí ni ó di kernel Linux. Kernel ni ọkàn ètò ìpìlẹ̀, apá tí ó ń bá ohun èlò inú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1992, Torvalds fi iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL tí Stallman dá sílẹ̀. Ìwé àṣẹ yìí fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti lo ètò náà àti láti yí i padà, ṣùgbọ́n ó là á kalẹ̀ pé ẹni tí ó bá pín ẹ̀dà tí ó ti yí padà gbọ́dọ̀ fi kóòdù tirẹ̀ náà hàn.

Lónìí, kernel Linux ni ó wà ní ìsàlẹ̀ Android tí ó wà lórí fóònù ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017 ni gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tí ó lágbára jù lọ láyé sì ti ń lo Linux. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó dá a kọ.

Àbájáde ètò yìí jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, ẹni tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ẹ̀tọ́ láti wo inú rẹ̀. Ìkejì, ẹni tí ó bá ní èrò ọ̀tọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ síta. Kò tíì pé ọdún kan tí Torvalds kéde iṣẹ́ rẹ̀ tí àríyànjiyàn ńlá àkọ́kọ́ fi dé. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1992, Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amsterdam tí ó kọ ètò ìpìlẹ̀ Minix fún ìkọ́ni, sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ Linux ti di ti àtijọ́. Lójú tirẹ̀, ó yẹ kí kernel kéré, kí a sì pín iṣẹ́ yòókù sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àléébù apá kan má baà kó bá èkejì. Torvalds fèsì pé ètò tòun ń ṣiṣẹ́, ó sì wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó. Kò sí ẹni tí ó gbà fún ẹnìkejì nínú wọn, iṣẹ́ sì ń bá a lọ. Ẹ kíyè sí i pé láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti dá lórí àléébù: bí apá kan bá bàjẹ́, báwo ni ìbàjẹ́ náà yóò ti tàn dé tó?

Bí a ṣe ń tọpinpin àléébù

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ apá kan nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀ sínú fáìlì tí ó sọ ní "ẹ̀kọ́". Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ń lo kọ̀ǹpútà Mac àtijọ́ fún un ní fáìlì mìíràn tí òun náà ń jẹ́ "ẹ̀kọ́". Akẹ́kọ̀ọ́ yìí da fáìlì ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú fódà kan náà lórí Linux, ó ń retí pé kọ̀ǹpútà yóò béèrè bóyá kí ó fi èyí rọ́pò tàkọ́kọ́. Kò béèrè. Nígbà tí ó ṣí fódà náà, fáìlì méjì ni ó bá níbẹ̀, orúkọ kan náà ni méjèèjì ń jẹ́. Ó tẹ "ẹ̀kọ́" láti fi wá wọn, ọ̀kan ṣoṣo ni ó jáde.

Ẹni tí kò mọ ìtọpinpin lè sọ pé fáírọ́ọ̀sì ni, tàbí pé Linux kò gbọ́ Yorùbá. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò gba ọ̀nà mẹ́rin.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni pé kí ó sọ ohun tí ó rí, kì í ṣe ohun tí ó rò. "Kọ̀ǹpútà mi ti bàjẹ́" kì í ṣe ìròyìn àléébù. Ìròyìn tí ó péye ní ohun mẹ́rin nínú: ohun tí mo ṣe, ohun tí mo retí, ohun tí mo rí, àti irú ẹ̀dà ètò tí mo ń lò. Lórí Linux, àṣẹ uname -r yóò sọ nọ́ḿbà ẹ̀dà kernel fún wa. Ẹni tí ó bá ti lè kọ ohun mẹ́rin yìí sílẹ̀ ti ṣe apá kan tí ó le nínú iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ó mú kí àléébù náà ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá da fáìlì náà sínú fódà tuntun pẹ̀lú òmíràn tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ sọ lórúkọ, ṣé méjì náà ni yóò tún rí? Àléébù tí a lè mú wá nígbà tí a bá fẹ́ ti ṣe é mú. Èyí tí ó ń wá nígbà tí ó bá wù ú ni ó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ àwọn àgbà oníṣẹ́ pàápàá.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí ó wo abẹ́ ohun tí ojú ń rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ètò kékeré kan wà lórí Linux tí ń jẹ́ xxd, tí ó máa ń fi báìtì hàn, ìyẹn àwọn nọ́ḿbà kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Bí a bá fi orúkọ fáìlì méjèèjì hàn án, a ó rí i pé "ọ́" inú orúkọ àkọ́kọ́ jẹ́ e1 bb 8d cc 81, ṣùgbọ́n "ọ́" inú orúkọ kejì jẹ́ 6f cc a3 cc 81. Orúkọ kan náà ni lójú ènìyàn, orúkọ méjì ni lójú kọ̀ǹpútà.

Kí ni ó fa èyí? Unicode, ìlànà tí gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ḿbà, fún "ọ" ní nọ́ḿbà tirẹ̀, ó sì fún àmì ohùn òkè ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Kò sí nọ́ḿbà kan ṣoṣo fún "ọ́" lódidi. Èyí ni "ọ́" fi yàtọ̀ sí "ó" tí ó ní tirẹ̀. Nítorí náà, a lè kọ "ọ́" gẹ́gẹ́ bí "ọ" àti àmì ohùn, bí orúkọ àkọ́kọ́ ti ṣe. A sì tún lè tú u sí mẹ́ta: "o" lásán, àmì abẹ́ àti àmì ohùn, bí orúkọ kejì ti ṣe. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà Mac àtijọ́ gbà ń tọ́jú orúkọ fáìlì ni láti tú gbogbo àmì sọ́tọ̀ kí ó tó pa á mọ́. Ní ti Linux, báìtì ni ọ̀nà ìtọ́jú fáìlì tí ó wọ́pọ̀ jù lórí rẹ̀ máa ń fi wéra, kì í wo ìrísí lẹ́tà. Kò sí èyí tí ó ṣẹ̀ nínú méjèèjì. Ìlànà wọn ni kò dọ́gba.

Ọ̀nà kẹrin ni pé kí ó yí ohun kan ṣoṣo padà, kí ó sì dán an wò kí ó tó fọwọ́ kan òmíràn. Bí ó bá kó fáìlì ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sínú fódà ọ̀tọ̀, tí ó sì fi ètò convmv sọ orúkọ rẹ̀ di ẹ̀yà tí lẹ́tà àti àmì abẹ́ ti so pọ̀, ìṣòro náà yóò tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá yí orúkọ padà, tí ó yí kíbọ́ọ̀dù padà, tí ó sì fi ẹ̀dà Linux tuntun sí i nígbà kan náà, àléébù náà lè lọ, ṣùgbọ́n kò ní mọ èyí tí ó lé e lọ. Ẹni tí kò mọ oògùn tí ó wo òun sàn yóò tún padà ṣàìsàn náà.

Ìlànà "ohun kan ní ẹ̀ẹ̀kan" yìí ni àwọn tí ó ń kọ kernel sọ di ètò gidi. Torvalds bẹ̀rẹ̀ ètò Git ní ọdún 2005 láti máa fi tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà tí ó bá bá kóòdù. Ká ní ẹ̀dà àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ẹ̀dà tuntun kò ṣiṣẹ́, tí àyípadà 1,000 sì wà láàrin wọn. Àṣẹ git bisect yóò mú èyí tí ó wà ní àárín, yóò ní kí a dán an wò. Bí ó bá dára, a mọ̀ pé àléébù wà nínú ìdajì kejì; bí kò bá dára, ó wà nínú ìdajì àkọ́kọ́. Nípa pípín in sí méjì bẹ́ẹ̀ léraléra, ìdánwò bíi 10 péré ni yóò fi àyípadà tí ó jẹ̀bi hàn. Ẹ̀rí ni yóò dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù.

Èdè C àti ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì

Èdè kọ̀ǹpútà ni èdè tí ènìyàn fi ń kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà. Dennis Ritchie ni ó ṣẹ̀dá C ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní ọdún 1973, wọ́n fi C tún ètò ìpìlẹ̀ Unix kọ, láti ìgbà náà ni C sì ti di èdè tí a fi ń kọ kernel. C ni Torvalds náà lò.

Láti mọ ohun tí a ń jiyàn lé lórí, ẹ jẹ́ kí a fi mẹ́mọ́rì wé ìsọ̀ tí a tò lọ rẹrẹẹrẹ nínú ọjà, tí olúkúlùkù ní nọ́ḿbà. Ètò kan á gba ìsọ̀ mẹ́wàá, òmíràn á gba ogún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èdè C gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ó ń kọ ọ́ pátápátá. Bí ẹni tí ó gba ìsọ̀ mẹ́wàá bá na ọwọ́ sí ìkọkànlá, C kì í dá a dúró. Ẹrù ẹlòmíràn ni yóò sì bá níbẹ̀. Bí ó bá ti dá ìsọ̀ padà fún ọlọ́jà, tí ó tún wá ń kó ẹrù síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi í fún ẹlòmíràn, C kì í dá a dúró náà. Òmìnira yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí C yára, tí ó sì lè bá ohun èlò ṣiṣẹ́ láìsí agbedeméjì. Òun kan náà ni ó sì jẹ́ kí C léwu.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ayé kò gbàgbé ni Heartbleed, tí àṣírí rẹ̀ tú ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Àléébù náà wà nínú OpenSSL, ètò tí ọ̀pọ̀ ibùdó íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí. Iṣẹ́ tí ó bàjẹ́ níbẹ̀ kò ju èyí lọ: kọ̀ǹpútà kan yóò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, yóò sọ iye báìtì tí ó ní, èkejì yóò sì dá ọ̀rọ̀ náà padà bí ó ti wà. Ètò náà kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iye tí wọ́n pè dọ́gba pẹ̀lú iye tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹni ibi lè fi lẹ́tà kan ránṣẹ́, kí ó pè é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, OpenSSL yóò sì máa kó ohun tí ó wà nínú ìsọ̀ aládùúgbò fún un, títí kan ọ̀rọ̀ ìwọlé àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Ẹ̀dà tí ó ní àléébù yìí ti jáde láti ọdún 2012. Gbangba ni kóòdù rẹ̀ wà fún ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó kéde pé òun rí i. Èyí kọ́ àwọn olùlo ètò gbangba pé pé kóòdù ṣeé kà kò túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti kà á.

Heartbleed nìkan kọ́. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ààbò ní Microsoft sọ pé nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 àwọn àléébù ààbò tí wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún jẹ mọ́ ìlò mẹ́mọ́rì lọ́nà àìtọ́. Ní ọdún 2020, àwọn tí ó ń kọ Chrome ní Google sọ ohun tí ó jọ ọ́ nípa àwọn àléébù ààbò tí ó lágbára nínú iṣẹ́ tiwọn. Iṣẹ́ àwọn ọ̀gá nínú C àti C++ ni àwọn wọ̀nyí. Nítorí náà, "kí olúkúlùkù máa ṣọ́ra" kò tó ìdáhùn mọ́.

Rust wọ inú kernel

Graydon Hoare bẹ̀rẹ̀ Rust ní ọdún 2006 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Mozilla; ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015. Nínú Rust, ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní olówó kan ṣoṣo. Olówó lè yá ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n èdè náà ní òfin lórí yíyá: ẹni púpọ̀ lè wò ó pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fẹ́ yí i padà, òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò tí ó ń tú èdè sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, ni ó ń ṣọ́ òfin wọ̀nyí. Bí a bá rú wọn, yóò kọ̀ jálẹ̀, ètò náà kò sì ní dé ọwọ́ olùlò rárá. Níbi tí ó bá pọn dandan, ẹni tí ó ń kọ ọ́ lè kọ "unsafe" sí apá kan láti sọ pé òun yóò fọwọ́ ara òun ṣọ́ ibẹ̀. Àǹfààní èyí ni pé ẹni tí ó ń tọpinpin àléébù mẹ́mọ́rì mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Linux 6.1 jáde, òun sì ni ẹ̀dà kernel àkọ́kọ́ tí ó gba Rust mọ́ra gẹ́gẹ́ bí ìdánwò. Miguel Ojeda ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Kì í ṣe láti fi Rust rọ́pò gbogbo C ni wọ́n ṣe gbé e wọlé. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí a lè máa fi Rust kọ apá tuntun, pàápàá jù lọ àwọn ètò tí ń darí ohun èlò, tí wọ́n ń pè ní driver.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní ìdí tiwọn, kò sì yẹ kí a fojú tín-ínrín rẹ̀. Kernel ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ẹgbàágbèje ìlà C ni ó wà nínú rẹ̀. Bí alábòójútó apá kan bá yí iṣẹ́ C rẹ̀ padà, tí kóòdù Rust tí ó gbára lé e sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ta ni yóò tún un ṣe? Ṣé alábòójútó tí kò gbọ́ Rust ni, àbí àwọn onírust tí wọn kò tíì pọ̀? Ọ̀rọ̀ ẹrù ni, ta ni yóò gbé e. Àwọn tí ó fara mọ́ Rust náà dáhùn pé ẹnìkan ń gbé ẹrù náà lọ́wọ́lọ́wọ́: olùlò tí wọ́n jí ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, àti oníṣẹ́ tí ó ń lo oṣù kan láti wá àléébù tí kọ̀ǹpáílà ì bá ti mú ní ìṣẹ́jú kan.

Àríyànjiyàn náà gbóná. Ní ọdún 2024, Wedson Almeida Filho, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ Rust náà, fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ tí kò jẹ mọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ti tán òun lókun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Christoph Hellwig, alábòójútó kan tí ó ti pẹ́ nídìí kernel, kọ̀ láti fọwọ́ sí kóòdù Rust kan tí yóò máa lo apá tí ó wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Ó ní kernel tí ó bá ní èdè méjì yóò ṣòro láti tọ́jú. Torvalds là á sí méjì: kò sí alábòójútó tí a ó fi ipá mú láti tọ́jú Rust bí kò bá fẹ́, ṣùgbọ́n alábòójútó náà kò lè pàṣẹ ohun tí ẹlòmíràn yóò kọ níbòmíràn láti lo iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn alábòójútó kernel fẹnu kò pé Rust kì í ṣe ìdánwò mọ́. Ó ti di ara ilé.

"Ẹ̀kọ́" di "ẹ̀kọ": ibi tí èdè kọ̀ǹpútà ti mọ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ wa. Lẹ́tà mélòó ni ó wà nínú "ẹ̀kọ́"? Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò sọ pé mẹ́ta ni: ẹ̀, k, ọ́. Bí a bá bi àwọn èdè kọ̀ǹpútà, ìdáhùn wọn kò dọ́gba.

C yóò sọ pé 11 ni, nítorí pé báìtì ni ó ń kà. Ọ̀nà ìkọbáìtì tí a ń lò lónìí ni UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní ọdún 1992. Nínú rẹ̀, "ẹ" gba báìtì 3, àmì ohùn gba 2, k gba 1, "ọ" gba 3, àmì ohùn kejì gba 2. Python 3 yóò sọ pé 5 ni, nítorí pé nọ́ḿbà Unicode ni ó ń kà. Python 2 máa ń dáhùn 11 bíi ti C. Ọ̀rọ̀ bí ó ṣe yẹ kí èdè náà máa ka lẹ́tà wà lára ohun tí ó fa ìyapa láàrin ẹ̀dà méjèèjì láti ọdún 2008 títí wọ́n fi dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Python 2 dúró ní ọdún 2020. Rust yóò sọ pé 11 ni bí a bá béèrè gígùn rẹ̀, yóò sì sọ pé 5 ni bí a bá ní kí ó ka nọ́ḿbà Unicode. Swift ni ó máa dáhùn 3, nítorí pé ó ń ka lẹ́tà bí ojú ènìyàn ṣe ń rí i.

Èyí kì í ṣe eré lásán. Ká ní ètò kan ń gé àkọlé tí ó bá gùn jù. Bí ètò tí a fi C kọ bá gé "ẹ̀kọ́" sí báìtì 10, àárín àmì ohùn ni ọ̀bẹ yóò bọ́ sí, àmì àjèjì kan ni yóò sì jáde lójú ìwé. Bí a bá gbìyànjú irú gígé kan náà nínú Rust, ètò náà yóò dúró lójú ẹsẹ̀, yóò sì sọ pé ibẹ̀ kì í ṣe ẹnu ààlà lẹ́tà. Ní ti èyí, Rust ṣe ju C lọ: ó jẹ́ kí àléébù fara hàn níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀, kò jẹ́ kí ó sá lọ bá olùlò.

Ṣùgbọ́n bí a bá gé e sí báìtì 9 ńkọ́? Tàbí kí Python 3 gé e sí nọ́ḿbà Unicode 4? Kò sí èdè kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí yóò ṣàtakò. Ọ̀bẹ náà bọ́ sí ẹnu ààlà tí ó mọ́, òfin kankan kò yẹ̀. Ohun tí yóò jáde ni "ẹ̀kọ": ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ti di ẹ̀kọ tí a fi àgbàdo ṣe, tí a ń jẹ pẹ̀lú àkàrà. Kò sí ìkìlọ̀ kankan, kò sì sí ohun tí ó jọ àléébù lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

Níbí ni àríyànjiyàn C àti Rust ti dé òpin ohun tí ó lè yanjú. Èdè kọ̀ǹpútà lè ṣọ́ mẹ́mọ́rì, ó lè ṣọ́ ààlà báìtì, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé ohùn ni ó ya ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀kọ. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nìkan ni ó lè béèrè pé kí ètò máa lo ọ̀nà ìkàwé tí Unicode là sílẹ̀ fún lẹ́tà bí ènìyàn ṣe ń rí i, ọ̀nà tí ó sì ṣeé lò nínú gbogbo èdè tí a ti dárúkọ, yálà fúnra èdè náà tàbí nípasẹ̀ ètò àfikún.

Ìkádìí

Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ tí àwọn olùlo Linux ń jiyàn pé èdè kan sàn ju èkejì lọ, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ fi wọn ọ̀rọ̀ náà. Àléébù wo ni èdè yìí ń dènà? Èwo ni ó ń gbà láyè? Ta ni ó ń ru ẹrù èyí tí ó wọlé? Bí olùjiyàn kò bá lè fi àléébù kan pàtó hàn, a jẹ́ pé ìfẹ́ inú rẹ̀ ni ó ń sọ. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà: ètò tí ó ń darí ohun èlò, ètò tí ó ń ṣe àtúntò ọ̀rọ̀ àti ètò tí a kọ fún ìdánwò ọjọ́ kan kò bèèrè ohun kan náà lọ́wọ́ èdè.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, àǹfààní kan wà nínú ètò gbangba tí kò sí níbòmíràn. Linux ní ìtò kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà tí ó ní ẹ̀yà Yorùbá nínú. Àwọn tí ó ń tọ́jú irú ètò bẹ́ẹ̀ ń gba ìròyìn àléébù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kì í béèrè bóyá ó gbọ́ C tàbí Rust. Bí ètò kan bá gé àmì ohùn yín, tí ó bá sọ orúkọ kan di méjì, tí kò bá rí ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀, ẹ má ṣe yọ àmì kúrò kí iṣẹ́ lè tètè parí. Ẹ tẹ "ẹ̀kọ́" sínú rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ retí, ohun tí ẹ rí àti ẹ̀dà ètò tí ẹ ń lò, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ètò náà lè má mọ ìyàtọ̀ àárín ẹ̀kọ́ àti ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n bí ìròyìn náà bá péye, yóò mọ ibi tí yóò wò.